Ẹ̀wà Tí Màmá Sè Kò Pa Ọmọ Kankan: Ìtàn Ìgbésí Ayé Olóògbé Martha Àwẹ̀ró Àtàndá (1953–2025)

Ìlú Ìgànná ní Òkè-Ògùn, ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, ni a ti bí Màmá Martha Àwẹ̀ró Àtàndá ní ọdún 1953. Bàbá wọn ni Ọdẹ́yalé, àgbẹ̀ tó tún ń dẹ ìgbẹ́, ọmọ bíbí ilé ọdẹ. Ìyá wọn ni Àṣàbí, tó ń ran òwú fún àwọn ahunṣọ. Ọmọ méje ni Àṣàbí bí. Mẹ́ta ló dàgbà. Màmá ló kẹ́yìn nínú àwọn mẹ́ta náà, àwọn náà sì ti lọ báyìí.

Ẹbí ń bẹ̀ yín, ẹ ka ìtàn yìí tán kí ẹ tó fi ìwé ìsìnkú yìí fẹ́ ara. Ó ní ohun tí a fẹ́ sọ. Àwọn tí ọ̀rọ̀ náà kàn jókòó láàárín yín.

Ní ọdún 1960, Màmá wọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ìgànná. Wọ́n jáde ní 1966. Wọ́n ka Bíbélì Yorùbá láìṣi ọ̀rọ̀ kan pè títí di ọdún tó kọjá. Wọ́n fẹ́ lọ síwájú nínú ẹ̀kọ́, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí yóò rán wọn.

Ọdún kejì tí wọ́n wọ ilé-ẹ̀kọ́ ni èéyi wọ agbo ilé Ọdẹ́yalé. Èéyi yìí ni àwọn ọmọ ìsinsìnyí ń pè ní measles. Ó mú Màmá, ó sì mú àbúrò wọn ọkùnrin. Àwọn méjèèjì yè é. Èépá bọ́ lára wọn, wọ́n jẹun, wọ́n ṣeré. Kí iṣu tuntun tó jáde, ikọ́ mú àbúrò yìí, ó sì kú. Àjíhún, ìyàwó kékeré tí bàbá wọn fẹ́, ló ti fún ọmọ náà ní èkuru nígbà tí ara rẹ̀ yá. Àwọn àgbà agbo ilé péjọ. Wọ́n ní Àjíhún ló jẹ ọmọ. Wọ́n lé e jáde ní ọ̀sán gangan, pẹ̀lú ọmọ tirẹ̀ lẹ́yìn. Màmá, ọmọ ọdún mẹ́jọ, dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń wò ó títí tí wọn kò fi rí i mọ́. A dárúkọ Àjíhún níbí nítorí pé kò sí ẹni tó tẹ ìwé ìsìnkú fún un.

Ní 1973, Màmá wá sí Èkó, sí ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n ìyá wọn ní Kétu. Wọ́n kọ́ iṣẹ́ aránṣọ níbẹ̀. Ní 1976, wọ́n fẹ́ Káyọ̀dé Àtàndá, kápíńtà, ọmọ Ìgànná bíi tiwọn. Ìjọ Onítẹ̀bọmi ni wọ́n ti so wọ́n pọ̀. Yàrá kan ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ní Kétu, nínú ilé tí yàrá kọjú sí yàrá, tí ẹni mẹ́rìnlá ń lo ilé ìwẹ̀ kan. Ibẹ̀ ni wọ́n ti bí Olúwatósìn, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti bí Bọ̀wálé. Ní 1994, wọ́n kó lọ sí ilé ara wọn ní Ajégúnlẹ̀ tó wà lẹ́yìn Owódé Onírin. Ilẹ̀ ibẹ̀ rẹlẹ̀. Odò máa ń wá kí àwọn ará àdúgbò nílé ní ìgbà òjò. Ibi tí agbára wọn ká nìyẹn. Bàbá Tósìn gbé ìpìlẹ̀ ilé náà ga, nítorí náà, bí omi bá kún, yàrá Màmá ni àwọn ọmọ aládùúgbò ń sùn. Ọmọ mẹ́sàn-án ni wọ́n kà lórí ẹní kan ní ọdún kan. Màmá sùn lórí àga.

Ní 1988, ilé-ẹ̀kọ́ jẹ́léósinmi kan ní Ìkòsí gbà wọ́n síṣẹ́. Iṣẹ́ wọn ni láti dúró lẹ́nu géètì ní ọ̀sán kí wọ́n sì fa ọmọ lé ẹni tó wá mú un lọ́wọ́. Iṣẹ́ náà dà bí ohun kékeré. Ẹ rò ó wò. Ọmọ ọdún mẹ́ta kò mọ orúkọ bàbá rẹ̀. Bí o bá fi bisikíìtì hàn án, yóò tẹ̀lé ọ. Nínú orí ẹni tó dúró lẹ́nu géètì ni ààbò rẹ̀ wà. Màmá mọ ojú ìyá, ojú bàbá, ojú ọmọọ̀dọ̀, ojú dẹ́rẹ́bà. Ojú tí wọn kò bá mọ̀, wọn kì í fún ní ọmọ.

Ní 1996, ọkùnrin kan wá mú ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Lará Akínbíyì. Ó wọ kóòtù. Ó pe orúkọ ọmọ, ó pe orúkọ bàbá ọmọ, ó pe òpópónà tí wọ́n ń gbé ní Gbàgádà. Màmá ní kó jókòó.

Ọkùnrin náà ní, "Mama, ṣé ojú olè lẹ rí lára mi ni?"

Màmá ní, "Ojú tí mi ò mọ̀ ni mo rí, sà."

Obìnrin tó ni ilé-ẹ̀kọ́ náà sáré jáde. Ó bẹ ọkùnrin náà, ó kọjú sí Màmá, ó ní, "Ìyá Tósìn, ẹ fẹ́ lé gbogbo oníbàárà mi lọ tán!" Màmá di ọwọ́ ọmọ mú títí bàbá rẹ̀ fi dé. Àbúrò bàbá ọmọ ni ọkùnrin náà ní tòótọ́. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Jọ́ọ̀sì dé ni. Bàbá Lará kọjú sí àbúrò rẹ̀, ó ní, "Bí wọ́n bá gbé e fún ọ ni, ọ̀la ni n bá mú un kúrò níbí." Màmá padà sórí àga wọn.

Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni Màmá fi ṣe iṣẹ́ náà. Kò sí ọjọ́ kan tí ọmọ bọ́ sí ọwọ́ tí kò yẹ. Ẹ mú gbólóhùn yẹn dání. A óò padà sí i.

Nínú ìjọ, Màmá wà nínú Ẹgbẹ́ Àwọn Ìyá láti 1980. Orin wọn kò dùn. Ẹ̀wà sísè ni iṣẹ́ wọn. Wọ́n máa ń rẹ ẹ́ mọ́jú, wọ́n sì máa ń fi iná jẹ́jẹ́ sè é títí tí yóò fi fọ́ fúnra rẹ̀. Ìkórè kan kò kọjá láìsí ìkòkò ẹ̀wà wọn. Ní Ajégúnlẹ̀ náà, bí ara ọmọ aládùúgbò bá yá lẹ́yìn àìsàn, Màmá máa ń se ẹ̀wà sàráà, wọn a sì pe gbogbo ọmọ àdúgbò láti wá jẹ. Ọmọ Ìjọ, ọmọ Mùsùlùmí, inú àwo kan náà. Bí àwọn èèyàn wọn ṣe ń dúpẹ́ ní Ìgànná nìyẹn.

Ní oṣù karùn-ún ọdún 2020, Clara, ìyàwó Bọ̀wálé, bí ọmọkùnrin. A sọ ọ́ ní Jayé. Ìgbà kòrónà ni. Nígbà tó pé oṣù mẹ́sàn-án, Clara gbé e lọ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára èéyi. Wọ́n ní abẹ́rẹ́ ti tán lọ́jọ́ náà, kó padà wá. Ó padà lọ lẹ́ẹ̀kan sí i, ilẹ̀kùn wà ní títì. Lẹ́yìn náà, iṣẹ́ dí i lọ́wọ́. Ọ̀pọ̀ ìyá ló rí bẹ́ẹ̀ lọ́dún yẹn. A kò bá a wí.

Ní oṣù kejì ọdún 2022, nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, èéyi jà ní Ajégúnlẹ̀. Ó mú Jayé. Ó mú ọmọbìnrin Yàkúbù, aládùúgbò wa tó ń wa kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ní Máìlì Méjìlá. Ojú wọn pọ́n, ara wọn gbóná, gbogbo àwọ̀ wọn sú. Clara ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì kan ní Ọjọ́ta, nítorí náà Màmá ló tọ́jú Jayé. Wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, wọ́n fún un ní oògùn, wọ́n tún fi ẹmu pa á lára gẹ́gẹ́ bí àwọn àgbà ti ń ṣe. Èéyi lọ. Àwọn ọmọ méjèèjì yè é. Kò sí ẹnì kan ní ilé ìwòsàn náà tó sọ pé ẹ máa ṣọ́ ọmọ yìí fún ọdún méjì, mẹ́ta. Ohun tí a gbọ́ ni pé, "Ẹ kú oríire, Màmá, ó ti lọ."

Màmá se ẹ̀wà sàráà. Àwọn ọmọ jẹ, wọ́n lá ọwọ́.

Ní oṣù kẹwàá ọdún kan náà, odò kún ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Omi wọ gbogbo ilé. Jayé bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́. Ikọ́ náà di òtútù àyà. Ikọ́ tó ti borí rí ni, irú èyí tí ọmọ ń wú fún ọ̀sẹ̀ kan tí yóò sì lọ. Lọ́tẹ̀ yìí, kò lọ. Jayé kú. Ní oṣù tó tẹ̀lé e, ìgbẹ́ gbuuru mú ọmọ Yàkúbù. Òun náà kú.

Ibí ni a fẹ́ kí ẹ tẹ́tí sí.

Kò ju ọ̀sẹ̀ kan lọ tí ọ̀rọ̀ fi bẹ̀rẹ̀ lẹ́nu ẹ̀rọ omi. "Èéyi kò pa wọ́n, ikọ́ lásán ló wá pa wọ́n?" "Ta ló fún wọn lóúnjẹ?" "Ẹ̀wà wo ni wọ́n ń sè kiri gan-an, tí wọn kì í gba kọ́bọ̀?" Ẹnì kan pa òwe, ó sì mọ ohun tó ń ṣe: àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí, ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ. Wòlíì kan tí a kò ní dárúkọ rí ìran. Ó rí ìkòkò. Ó rí obìnrin arúgbó kan tó ń fi ṣíbí bu ọmọ. Bàtà rẹ̀ kò gbẹ nínú omi tó yí wa ká, kò sì rí omi nínú ìran.

Clara gbọ́, ó sì gbà. Ọmọ rẹ̀ ló kú. Ẹni tí ọmọ rẹ̀ kú yóò di ohunkóhun tí wọ́n bá nà sí i mú. Ẹ̀yin tó nà án sí i ni a ń bá wí. Òun àti Bọ̀wálé kó kúrò ní Ajégúnlẹ̀ lọ sí Ọjọ́ta. Nígbà tí wọ́n bí ọmọ mìíràn, Jessica, wọn kò gbé e wá. Wọn kò sì jẹ́ kí Màmá wá.

Ẹ̀yin Ẹgbẹ́ Àwọn Ìyá, ẹ kò pe Màmá ní àjẹ́. Ẹ mọ̀wé jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà Ìkórè ọdún 2022, ẹ rán ẹni méjì wá sílé, ẹ ní, "Mummy, ẹ sinmi lọ́dún yìí. Àwọn ọ̀dọ́ á se ẹ̀wà." Ẹ tún sọ bẹ́ẹ̀ ní ọdún tó tẹ̀lé e. Màmá ní, "Ó dáa, ẹ ṣé." Wọ́n lọ da ẹ̀wà tí wọ́n ti rẹ nù. Ìkòkò náà wà ní ẹ̀yìn ilé, wọn kò fọ̀ ọ́, wọn kò sì gbé e wọlé.

Ẹnì kan ṣoṣo ló ń wá. Yàkúbù ni, bàbá ọmọ tó kú. Bó bá ti ibi iṣẹ́ dé, a dúró lẹ́nu ọ̀nà, a ní, "Ìyá, ẹ bu tèmi wá o, ebi ń pa mí." Aládùúgbò kan bá a wí lójú Màmá. Ó ní, "Yàkúbù, ìwọ náà ò bẹ̀rù?" Yàkúbù ní, "Ẹ̀rù oúnjẹ kì í ba ẹni tebi ń pa. Bó o bá fẹ́, jókòó, kí wọ́n bu tìẹ." Ó jẹun tán, ó fọ abọ́. Ẹbí yìí kò ní gbàgbé rẹ̀.

Ní ọdún 2024, ẹ̀jẹ̀ ríru gbé Màmá dé ilé ìwòsàn. Dókítà obìnrin kan ń kọjá, ó dúró, ó padà sẹ́yìn, ó wò wọ́n. Ó kúnlẹ̀. Ó ní, "Mama Géètì!" Lará Akínbíyì ni. Ó ti di dókítà àwọn ọmọdé. Màmá mọ ojú rẹ̀ kó tó sọ orúkọ. Ó bèèrè bí ilé ti rí. Màmá kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ṣùgbọ́n wọ́n sọ fún un.

Lará fa àga, ó jókòó. Ohun tó sọ ni a kọ síbí, bí ọkọ Màmá, tó wà níbẹ̀, ṣe gbọ́ ọ. Ó ní inú ara ènìyàn ni àwọn sójà wà tó ń bá àrùn jà. Àwọn kan nínú wọn jẹ́ àgbà. Iṣẹ́ tiwọn ni pé kí wọ́n rántí. Àrùn tó bá ti wá lẹ́ẹ̀kan, wọ́n mọ ojú rẹ̀. Bó bá tún yọjú, wọn kò ní jẹ́ kó kọjá ẹnu ọ̀nà. Ọ̀pọ̀ kòkòrò àrùn máa ń gbìyànjú láti sá fún àwọn sójà wọ̀nyí. Èéyi kì í sá. Àwọn gan-an ló ń wá. Bí ọmọ bá ti mí i símú, inú sójà tó dúró ní ọ̀nà èémí ló ń kọ́kọ́ wọ̀. Sójà yẹn fúnra rẹ̀ ló ń gbé e lọ sí ibi tí àwọn yòókù péjọ sí, láìmọ̀. Ibẹ̀ ni èéyi ti ń pa àwọn àgbà tó ń rántí.

Ó ní sójà tuntun á jáde, wọ́n á lé èéyi lọ, ara ọmọ á sì tutù. Inú gbogbo ilé á dùn. Ṣùgbọ́n ojú èéyi nìkan ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn tuntun náà mọ̀. Ikọ́ tí ọmọ ti borí rí, àjèjì ni lójú wọn. Ìgbẹ́ gbuuru, àjèjì ni. Wọ́n á jẹ́ kó wọlé. Ọmọ ọdún méjì lẹ rí lójú, ṣùgbọ́n nínú ara ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ padà di ìkókó. Kì í ṣe gbogbo ọmọ ló ń pàdánù bákan náà. Àwọn kan ń pàdánù díẹ̀, àwọn kan ń pàdánù ju ìdajì lọ. Ó sì lè gba ọdún méjì tàbí mẹ́ta kí ara tó kọ́ ohun tó gbàgbé. Láàárín ìgbà yẹn, ikọ́ lásán lè pa ọmọ.

Ọkọ Màmá bèèrè bóyá bí ti kòkòrò apa sójà ara, èyí tí gbogbo ayé ń bẹ̀rù, náà ni. Lará ní méjèèjì ń pa sójà, ṣùgbọ́n ọ̀nà wọn yàtọ̀. Èyí tí ayé ń bẹ̀rù ń jókòó sínú ara fún ọ̀pọ̀ ọdún, ó ń pa wọ́n díẹ̀díẹ̀. Èéyi ń ṣe tirẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ó sì ń bá tirẹ̀ lọ. Kí ọmọ tó kú, ó ti kúrò nílé tipẹ́. Ẹni tí wọ́n bá bá nílé ni wọ́n ń mú.

Màmá ní, "Aṣọ́géètì ló pa."

Lará ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Mama. Aṣọ́géètì ló pa."

Màmá wá ní, "Àjíhún náà ńkọ́?" Lará kò mọ ẹni tó ń jẹ́ Àjíhún. Ọkọ wọn mọ̀ ọ́n. Òun ló dá wọn lóhùn. Ó ní, "Òun náà ò ṣe nǹkan kan." Màmá sunkún níbẹ̀. Wọn kò sunkún nítorí ara wọn rí.

Ọ̀sẹ̀ tí wọ́n kúrò ní ilé ìwòsàn, Màmá àti ọkọ wọn lọ sí Ọjọ́ta. Wọ́n fẹ́ sọ ohun tí wọ́n gbọ́ fún Clara. Màmá mú aṣọ ọmọ kan tí wọ́n rán dání. Clara sọ̀rọ̀ láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Ó ní, "Mummy, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Mi ò lè ṣí i." Jessica, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń sọ̀rọ̀, bèèrè nínú ilé pé, "Ta ni?" Clara ní, "Kò sí ẹnì kankan."

Màmá fi aṣọ náà sí ẹsẹ̀ ilẹ̀kùn. Wọ́n sọ̀ kalẹ̀. Lórí àtẹ̀gùn, wọ́n sọ fún ọkọ wọn pé, "Clara gbìyànjú. Kò gbé ọmọ fún ojú tí ọkàn rẹ̀ ò balẹ̀ sí." Ọ̀rọ̀ yẹn ń dun ẹbí títí di òní. Màmá dárí jì í kí wọ́n tó dé ìsàlẹ̀. Àwa kò tíì dé ìsàlẹ̀.

Láti ìgbà náà, Màmá ń lọ láti ilé dé ilé ní Ajégúnlẹ̀, wọ́n ń bẹ àwọn ìyá pé kí wọ́n gbé ọmọ wọn lọ gba abẹ́rẹ́ èéyi ní oṣù mẹ́sàn-án, kí wọ́n sì tún padà ní oṣù mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Lará ti sọ fún wọn pé abẹ́rẹ́ náà ń fi ojú èéyi han àwọn sójà láìpa àgbà kan nínú wọn. Àwọn kan ti ilẹ̀kùn mọ́ wọn. Obìnrin kan ní, "Ẹ̀wà ò ṣiṣẹ́ mọ́, ó kan abẹ́rẹ́." Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ yẹn, Yàkúbù ń bá Màmá lọ. Òun ló ń sọ̀rọ̀, Màmá a sì dúró lẹ́yìn. Ó ń sọ pé, "Ọmọ tèmi kú. Ẹ̀wà kọ́ ló pa á. Kò gba abẹ́rẹ́ ni." Wọ́n ń ṣí ilẹ̀kùn fún un. Nínú àwọn ọmọ tí Yàkúbù àti Màmá mú lọ gba abẹ́rẹ́, kò sí èyí tí èéyi mú nígbà tó padà wá ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún yìí. Ìyá mélòó kan nínú àwọn ọmọ náà kò jẹ oúnjẹ Màmá títí tí Màmá fi kú.

Ní oṣù kẹta ọdún yìí, Màmá dìde láti lọ pa iná sítóòfù. Wọ́n ṣubú. Rọpárọsẹ̀ ni. Ọjọ́ kejì ni wọ́n kú, ní ẹni ọdún méjìléláàádọ́rin. A ti gbọ́ pé àwọn kan ń sọ pé ẹ̀san ni. Ẹ̀jẹ̀ ríru ni. Bí ẹ bá sì fẹ́ mọ ohun tó gbé ẹ̀jẹ̀ náà sókè láti ọdún 2022, ẹ bi ara yín.

Ẹ̀yin tí ẹ pa òwe ọjọ́ yẹn, òwe kì í ṣe ẹ̀rí. Bí ẹ bá sì fẹ́ lò ó, ẹ lò ó bó ti yẹ. Èéyi ló ké ní oṣù kejì. Ọmọ kú ní oṣù kẹwàá. Ẹ kò rántí ohun tó ké, nítorí pé ó ti pẹ́. Obìnrin tó ń se ẹ̀wà lẹ rí, ẹ sì mú un. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni obìnrin yìí fi dúró lẹ́nu géètì tí ọmọ kankan kò bọ́ sí ọwọ́ tí kò yẹ. Ẹ ní ó pa ọmọ ọmọ tirẹ̀ jẹ.

Àwọn tí Màmá fi sáyé lọ ni ọkọ wọn, Alàgbà Káyọ̀dé Àtàndá. Ọmọbìnrin wọn, Olúwatósìn, àti ọkọ rẹ̀. Ọmọkùnrin wọn, Bọ̀wálé, àti ìyàwó rẹ̀, Clara. Àwọn ọmọ ọmọ wọn, Démiládé, Stephanie, àti Jessica, tí Màmá gbọ́ ohùn rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Jayé ti ṣíwájú wọn lọ. Yàkúbù kì í ṣe ọmọ tí wọ́n bí. Ẹbí ní kí a kọ orúkọ rẹ̀ síbí, a sì ti kọ ọ́.

Clara, ìjókòó rẹ wà ní iwájú, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ rẹ. A fi àga kékeré kan sí i fún Jessica. Kò sí ẹni tí yóò bi ọ́ ní ìbéèrè. Ohun kan ṣoṣo ni a fẹ́: kí ọmọ yẹn má dàgbà kó máa rò pé àjẹ́ ni ìyá bàbá òun.

Lẹ́yìn ìsìn, a kò se ìrẹsì. Ẹ̀wà ni a sè, nínú ìkòkò Màmá. Yàkúbù ló fọ̀ ọ́. Ó ti rẹ ẹ̀wà náà láti àná, iná jẹ́jẹ́ ló sì fi sè é. Dókítà Lará àti àwọn nọ́ọ̀sì rẹ̀ jókòó lẹ́nu géètì pẹ̀lú abẹ́rẹ́ àjẹsára fún ọmọ tí kò bá tíì gbà á. Ẹ gbé àwọn ọmọ yín gba ibẹ̀ kọjá. Lẹ́yìn náà, kí ẹni tó bá gbà pé Màmá kò jẹ̀bi mú àwo, kó bu ẹ̀wà, kó jẹ, kó sì bu fún ọmọ rẹ̀. Ẹni tí kò bá lè jẹ ẹ́, kó máa lọ sílé. A kò ní pè é padà.

Àwẹ̀ró, ọmọ Ọdẹ́yalé, aṣọ́géètì tí kò gbé ọmọ fún àjèjì. Ẹ ti dúró pẹ́. Ẹ jókòó wàyí. Bí ẹ bá rí Àjíhún, ẹ sọ fún un pé a ti gbọ́. Bí ẹ bá rí Jayé, ẹ di ọwọ́ rẹ̀ mú títí a ó fi dé. Ilẹ̀ á tù yín lára. Ẹ sùn re o.